Ẹ̀rọ ìfọ-aago L&R àtijọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́: èwo ni kí n tọ́jú, èwo ni kí n pààrọ̀?

Tíṣà Aago, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n bọ́wọ́ bá ti dilẹ̀, aago ọwọ́ tí a máa ń wáíǹdì ni mo máa ń tú, tí mo máa ń fọ̀, tí mo sì máa ń tò padà. Abọ́ kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń fọ̀ ọ́ látẹ̀yìn wá. Àwọn ẹbí bàbá kan tó tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ń ta irinṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ra ẹ̀rọ yìí. L&R ni, ti iléeṣẹ́ Kearny, New Jersey, l'Amẹ́ríkà.

Bó ṣe rí nìyí. Òpó irin kan ló gbé mọ́tò iná dúró, apẹ̀rẹ̀ idẹ kékeré sì so rọ̀ sábẹ́ mọ́tò náà. Ìgò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún un, ìkẹrin ni ihò hítà tí wọ́n fi ń gbẹ ẹ̀yà aago. Ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà ti sán létí. Pátákó irin tó wà lára rẹ̀ kọ 115 volts, AC-DC. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ló wà lẹ́nu wáyà. Aṣọ ni wọ́n fi wé wáyà náà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, wáyà sì yọ síta ní ìhòòhò. Mo fọwọ́ yí mọ́tò, ó yí, àmọ́ ó wúwo. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń mú eré rẹ̀ pọ̀ sí i ti gan. Mi ò tíì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí n fi mọ́tò tuntun àti ìdarí ìgbàlódé sí i, kí n tún un kùn. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ̀rọ yìí ti fọ aago àìmọye ará Ìbàdàn, mo fẹ́ kó máa jẹ́ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ kí iná gbé èmi tàbí àwọn ọmọ mi. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni kí n máa dà sínú àwọn ìgò yẹn? Pẹtiróòlù ni gbogbo àwọn tí mo mọ̀ ládùúgbò mi fi ń fọ aago. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Oníná Muṣin

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ṣé tí ẹ kò kì í bọ iná. Iná tiwa 230 volts ni. Bí hítà 115 bá jẹ 230, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru rẹ̀ máa jẹ́, kì í ṣe ìlọ́po méjì bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Kò ní pẹ́ rárá tí á fi jó. Tiransifọ́ọ̀mà tó ń sọ 230 di 110 lẹ máa wá. Ẹ wo iye amps tó wà lára pátákó, kí ẹ fi volts sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní 3 amps ni, 345 wáàtì nìyẹn. Ẹ ra èyí tó lè gbé 500. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wáyà inú rẹ̀ jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí ẹyọ kan tí wọ́n kàn fa ẹ̀ka jáde láàárín rẹ̀. Ẹlẹ́yọ kan dín volts kù lóòótọ́, àmọ́ kò ya iná ilé kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ ra oníméjì.

AC-DC tí wọ́n kọ yẹn, oore ni fún yín. Mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù ni (èyí tí èédú kékeré méjì ń gbé iná wọnú ibi tó ń yí), 50 hertz tiwa àti 60 tiwọn kan náà ni lójú rẹ̀.

Ní ti wáyà, gbogbo èyí tó ní rọ́bà àtijọ́ lẹ máa yọ, títí kan èyí tó wọnú mọ́tò. Ẹ má fi téèpù wé e. Ẹ̀gbẹ́ hítà, wáyà tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù bò ni kí ẹ lò, torí rọ́bà lásán á yọ́ níbẹ̀. Láti púlọ́ọ̀gì, olókùn mẹ́ta ni. Ẹ fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de èyí aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò mọ́ irin ara ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi mítà wò ó pé ó dé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Àwọn tiransifọ́ọ̀mà kan kì í gbé ẹ́ẹ̀tì kọjá, ibẹ̀ ló máa ń pa èèyàn sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ kábọ́ọ̀nù méjèèjì. Ẹ sàmì sí èyí tó wà lápá ọ̀tún àti ojú tó kọ sókè, torí ó ti jẹ mọ́ bàbà rẹ̀, bí ẹ bá yí i padà á máa ta iná. Ẹ fi pépà yanrìn tó kúnná jù nu bàbà róbótó tí kábọ́ọ̀nù ń fara gbá, kí ẹ fi igi ìtayín kó dúdú tó há sáàárín àwọn ìlà rẹ̀ jáde. Ẹ má lo pépà dúdú tí àwọn mẹkáníìkì fi ń ha irin, iná lè gba ara ìyẹ̀fun rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ pa hítà, kí ẹ so gílóòbù àtijọ́ 100 wáàtì (èyí tó máa ń gbóná, kì í ṣe LED) mọ́ ojú ọ̀nà iná tó ń wọ tiransifọ́ọ̀mà. Bó bá kọ́kọ́ kọ mànà tó sì rọ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá tàn gbòò tí kò rọ̀, ẹ yọ ọ́, iná ti ń bá ibòmíì lọ. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní Mẹ́gà 500 volts (mítà tí wọ́n fi ń wò ó bóyá iná ń jò), kó bá yín wọn àárín wáyà àti irin; kó ju 1 megohm lọ.

Àǹtí Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ẹ̀rọ ìfọ-aago Elma ni tèmi, ti Singen ní Jámánì, ibi tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1948. Àlàyé Oníná pé. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ihò hítà yẹn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ wò ó. Ṣé ohun funfun kan wà níbẹ̀, bíi páálí tàbí aṣọ oníhùùhù, tí wọ́n fi di hítà náà?

Tíṣà Aago, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ó wà níbẹ̀. Páálí funfun ni, ó yí hítà ká, etí rẹ̀ kan sì ti ń rún. Wáyà méjì tó wọ hítà náà, nǹkan funfun bíi òwú ni wọ́n fi wé wọn.

Àǹtí Peckham

Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni títí ẹnìkan á fi yẹ̀ ẹ́ wò tí á sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lò ó káàkiri nínú ohun tó ń gbóná láyé ọjọ́un. Ní Bìrìtìkó níbí, 1999 ni wọ́n tó fòfin de èyí funfun pátápátá. Eruku rẹ̀ ló burú. Èèyàn lè fà á símú lónìí, kó má ṣe é ní nǹkan kan, kó wá di àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ má fi pépà yanrìn kàn án. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má lo hítà yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu ihò náà, kí ẹ gé wáyà tó ń bọ̀ wá síbẹ̀ kúrò láti inú súwíìṣì, kí ẹ má fa èyí tó wọ inú páálí. Apẹ̀rẹ̀ aago lè gbẹ níwájú ẹ̀rọ ìgbẹrun tí àwọn onídìrí ń lò, bó bá wà ní ooru díẹ̀. Tí ẹ ò bá lo hítà mọ́, wáàtì tí tiransifọ́ọ̀mà yín máa gbé náà dín kù gan-an.

Ọ̀dà ńkọ́? Ẹ má ha á. Ọ̀dà ayé ìgbà náà lè ní òjé nínú. Ẹ fi ọṣẹ àti aṣọ tútù nù ún, kó gbẹ, kí ẹ fi wáàsì pa á. Ọ̀dà oníwúruwùru tí wọ́n fi kùn ún yẹn, kò sẹ́ni tó lè kùn ún bẹ́ẹ̀ fún yín lónìí kó rí bákan náà. Ibi tó ti ṣí, ẹ jẹ́ kó ṣí.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù ń ta iná nígbà gbogbo tó bá ń yí, ẹ sì fẹ́ gbé e sórí ìgò tí nǹkan tó ń jó wà nínú rẹ̀. Mọ́tò DC 12 volts tí kò ní kábọ́ọ̀nù kò ní í ta iná, tiransifọ́ọ̀mà ò sì ní í sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo ti ṣe é fún ẹnìkan, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Oníná Muṣin

Ọmọ Ìlọrin, òótọ́ lo sọ nípa iná tó ń ta, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n máa dà sínú ìgò ṣe pàtàkì ju mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ṣì ń yí. Ìdarí eré tó gan ni èmi á pààrọ̀. Ọ̀gá Tíṣà, bí wáyà inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi ìdarí tuntun tó bá mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù mu sí i, kó wà nínú àpótí tirẹ̀ lórí wáyà. Ẹ má lu ihò kankan sára ẹ̀rọ. Kí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá yọ sínú páálí, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ iwájú lè rí i.

Bàbá Aláago, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àjọṣe o, ẹ̀yin ọmọ mi. Tíṣà, o káre tí o ò jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn di ìdọ̀tí. Mo ti bá irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìtòkú.

Pẹtiróòlù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ. Inú àwo kékeré lórí tábìlì, a lò ó, a ò purọ́. Nínú ẹ̀rọ, má dán an wò láé. Oru pẹtiróòlù ń gbé iná kódà nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, áńbọ̀sìbọ́sí nínú ooru Ìbàdàn. Apẹ̀rẹ̀ ń yí i, ó ń fọ́n ká, kábọ́ọ̀nù ń ta iná lókè rẹ̀. Ilé lo máa fi ṣòfò. Omi ìfọ-aago tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, tó ní amóníà nínú, ni kí o wá fún ìgò àkọ́kọ́, kí o ra omi ìṣàn tirẹ̀ (kì í ṣe omi lásán, èyí tí wọ́n ṣe láti fi ṣan omi ìfọ̀ kúrò ni) mọ́ ọn fún ìgò kejì àti ìkẹta. Omi ìṣàn náà lè jó, nítorí náà ṣí fèrèsé, má sì tan sítóòfù nítòsí. Ní ti amóníà, má jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ idẹ sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Ó ń jẹ idẹ. Dúdú tó wà lára apẹ̀rẹ̀ rẹ nísinsìnyí, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ á bó o, ṣan án dáadáa, kí o gbẹ ẹ́ kíákíá.

Má fi sípíríìtì ṣe omi ìṣàn nítorí pé ó rọrùn láti rí. Ṣé o mọ bí àwọn káfíńtà ṣe ń fi sípíríìtì yọ́ ṣẹ́láàkì kí wọ́n tó fi kun àga? Ṣẹ́láàkì yẹn náà ni wọ́n fi lẹ òkúta pupa méjì mọ́ palẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń dá ẹ̀yà aago dúró tó sì ń tú u sílẹ̀), òun náà ló di òkúta kékeré tó wà lábẹ́ bálánsì (àgbá tó ń mì síwá sẹ́yìn) mú. Tí sípíríìtì bá pẹ́ lára wọn, òkúta á ṣípò, aago ò ní rìn mọ́, o ò sì ní mọ ìdí.

Bí a ṣe ń lò ó: omi bo apẹ̀rẹ̀, kó má dé ìdí mọ́tò. Bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́, mú eré pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó. Wo inú ìgò, ó yẹ kí irin pẹlẹbẹ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi bá apẹ̀rẹ̀ yí lọ. Bí omi bá ń bá a yí, kò sí ohun tó ń fọ̀. Lẹ́yìn náà, kí o tó kúrò nínú ìgò kan, gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò nínú omi ṣùgbọ́n kó ṣì wà nínú ìgò, kí o yí i ní jẹ́ẹ́jẹ́ kí omi lè ta dànù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ni wọ́n fi ń ru ìdọ̀tí ìgò àkọ́kọ́ lọ bá ìkejì. Nígbà tí ìgò kejì bá dọ̀tí, dà á nù, sọ ìkẹta di ìkejì, kí o da tuntun sínú ìkẹta. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ní súwíìṣì tó ń yí i padà sẹ́yìn, jẹ́ kó dúró pátápátá kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Bálánsì, má jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ lófo. Dè é padà mọ́ irin pẹlẹbẹ tó gbé àwọn ẹ̀yà aago dúró, kí sípíríìngì tínrín rẹ̀ má lọ́ mọ́ nǹkan míì. Sípíríìngì ńlá, fọwọ́ nù ún.

Tíṣà Aago, Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ọlá o, ẹ ó pẹ́ fún wa. Oníná, Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ Ìlọrin, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ ló là mí lójú nípa iná tó ń ta. Mo ti fi ọ̀rá dí ihò hítà, mi ò sì ní lò ó. Mọ́tò á dúró, wáyà á kúrò, ọ̀dà á wà bó ṣe wà. Nǹkan méjì ló kù. Ṣé kí n fi WD-40 sí mọ́tò tó wúwo yẹn? Ìgò tó sán, ṣé gúlúù lè mú un?

Oníná Muṣin

WD-40 kọ́. Á fọ ọ́ìlì tó kù dànù, á sì gbẹ. Ẹ wá ihò kékeré tó wà lókè àti nísàlẹ̀ mọ́tò, òwú fẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀ tó ń mu ọ́ìlì. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ni, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún fọwọ́ yí i. Ẹ má kún un, bó bá ṣàn dé ara kábọ́ọ̀nù, á bà á jẹ́.

Bàbá Aláago, Abẹ́òkúta

Gúlúù ò ní mú un, amóníà á tú u, ìgò á sì fọ́ nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá ń sáré nínú rẹ̀. Gbé ọ̀kan nínú àwọn tó dára dání, mú rúlà, kí o gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìgò lọ́jà Gbági. Ẹnu rẹ̀ ni kó bá tìrẹ mu, kí gíga rẹ̀ má yàtọ̀, kí apẹ̀rẹ̀ má gbá ìdí rẹ̀. Èyí tó nípọn ni kí o mú. Bí o bá rí i, ra méjì.