Wọ́n fẹ́ ra àwòrán ẹ̀rọ kòkó àbúrò mi. Ṣé kó tọwọ́ bọ̀wé?

Àǹtí Wẹ́dà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò mi ọkùnrin ń jórin ní ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi rọ ẹ̀rọ kan tó ń fi oòrùn àti fáànù mú kòkó gbẹ, láìdáná igi rárá. Ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó ní àwọn yóò san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó kó gbogbo àwòrán àti ìwọ̀n rẹ̀ fún àwọn. Inú tiẹ̀ ń dùn, àyà tèmi ń já. Ṣé kó gbà?

Wẹ́dà Alágbàkà: Ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ nǹkan kan! Bí mo ṣe ta àwòrán ẹ̀rọ gààrí mi nìyẹn. Nígbà tí mo tún rọ òmíràn fún oníbàárà mi, ìwé lọ́yà ni wọ́n fi kí mi. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi rọ! Ó ń dùn mí títí dòní.

Lọ́yà Ìjàpọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè méjì. Ta ló sanwó iṣẹ́ náà? Lábẹ́ òfin Patents and Designs, tó ń dáàbò bo ohun tuntun tí ènìyàn bá hùmọ̀, tó sì ti wà láti 1970, tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé iṣẹ́ náà fún un, ẹni tó gbé e fún un ló ni ín. Èkejì: ṣé ó ti gbé e sí Facebook? Ohun tí aráyé ti rí kí a tó kọ̀wé sí ìjọba kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin.

Àǹtí Wẹ́dà: Owó àjọ mi ni, mà. Ó gbé fídíò kan síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ìta nìkan ló hàn.

Lọ́yà Ìjàpọ̀: Ọlọ́run ṣeun. Bí atẹ́gùn ṣe ń rìn nínú rẹ̀ ni kó pa mọ́. Kó kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè patent, ìyẹn ìwé ìjọba tó fi hàn pé òun ló ni ọgbọ́n náà, ní ọ́fíìsì patent ní Àbújá. Ọdún 20 ni ààbò rẹ̀, tó bá ń san owó ọdọọdún. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ bóyá tuntun ni lóòótọ́, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ni kó bá a kọ ọ́, kó má bàa wó ní kóòtù. Lẹ́yìn náà, kó má tà á. Kó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn fún iye ọdún kan, kí owó máa wọlé lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rọ.

Ìyá Oníkòkó Ìdànrè: Ẹ rántí àwa náà o. Lásìkò òjò, èéfín igi ń ba kòkó wa jẹ́, àwọn tó ń rà á yóò sì gé owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ Èkó nìkan ló ń rọ ẹ̀rọ yìí, tó wá bàjẹ́ lóko, ta ni yóò tún un ṣe? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n kọ́ àwọn wẹ́dà Oǹdó ní àtúnṣe rẹ̀.

Ọmọ FUTA: NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bèèrè lọ́dọ̀ wa ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ níbí, kí ẹ tó náwó.

Àǹtí Wẹ́dà: Mo ti pè é, kò ní tọwọ́ bọ̀wé. Ìyá, ó ní òun fẹ́ gbé ọ̀kan wá sóko yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn àgbẹ̀ yòókù dán an wò.

Lọ́yà Ìjàpọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìwé wọlé sí Àbújá ná.