Ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi wú lẹ́yìn ibà: ta ló ti rí irú rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, Mushin ni mo ń gbé. Ibà àti ikọ́ ṣe ọmọ mi, ọmọ ọdún 13, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta wú, wọ́n ṣú bí ẹni pé òkúta já lù wọ́n. Ó ń yún un lóru, bàtà iléèwé ò wọlé mọ́.

Mo fi òrí pa á. Ìpara làpálàpá tí wọ́n fún wa ní kẹ́mísì, ọ̀sẹ̀ kan, kò yí padà.

Mo kà á pé lọ́dún 2020, nígbà Kòrónà, àwọn dókítà ní Sípéènì àti Ítálì rí irú èyí lára àwọn ọmọdé, ó jọ èyí tí òtútù ń fà. Ara òyìnbó ni gbogbo àwòrán tí mo rí.

Ẹni tó bá ti rí i lára aláwọ̀ dúdú: ọ̀sẹ̀ mélòó ló gbà kó tó lọ, àyẹ̀wò wo sì ni dókítà awọ ara ṣe?