Ẹgbẹ́ wo ló wúlò n'Ìbàdàn fún alábòójútó ilé tó fẹ́ dín dísù àti omi kù?

Alábòójútó_RingRoad:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin ni mò ń bójú tó ní Ring Road. Ayálégbé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èèyàn bíi 140 ló ń wọlé lójúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo la ní, 100 kVA, òun náà la ń tàn lóru tí NEPA bá ti mú iná. Súmò kan tó ń fa omi, táńkì onílítà 5,000 méjì. Onílé ní kí n kọ ìwé tó máa fi hàn bí a ṣe máa dín dísù, iná àti omi kù láàárín ọdún kan, òun ò sì fẹ́ ohun tí mo dà kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè mi ni pé ẹgbẹ́ wo ni mo lè wọ̀ n'Ìbàdàn tí màá ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí? Èkó ni gbogbo ìpàdé tó ń dé etí mi. Kí sì ni kí n mú dání lọ? Káàdì ni wọ́n máa ń pín níbẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù.

Ẹ̀rọ_Ò_Sùn:

Ọ̀gá, kí ẹ tó wá ẹgbẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé yín ń jẹ. Ẹni tó bá dé àárín àwọn oníṣẹ́ tó ní "dísù wa ti pọ̀ jù" kò tíì bèèrè nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní "100 kVA wa ń jẹ lítà 5 ààbọ̀ ní wákàtí kan lóru, lóòdù (iná tí ilé ń fà) tó gbé ò ju kílówáàtì 8 lọ", ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa dá yín lóhùn.

Nínú ohun tí ẹ kọ gan-an, mo ti fura síbi tí owó ti ń jò. Tí 100 kVA bá gbé lóòdù kún, bíi ámpíà 139 ló máa wà lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí rìwáyà yín fi kíláàmpù mítà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná lára wáyà) wọn fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta laago mẹ́wàá àárọ̀, kó tún wọ̀n wọ́n laago mẹ́wàá alẹ́. Tó bá ń wà nísàlẹ̀ ámpíà 42 fún wákàtí gígùn, ìyẹn ìdá 30 nínú 100, ẹ́ńjìnì yẹn ò ní gbóná tó láti jó dísù tán. Èyí tí kò jó á di èédú nínú sàláńsà, omi dúdú tó dà bí ọ́ìlì á máa kán lójú ìsopọ̀ páìpù èéfín, èéfín funfun á máa jáde tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Mẹkáníìkì á ní kẹ́ ẹ ra nọ́súlù tuntun. Ẹ má rà á. Ẹ̀rọ náà tóbi ju iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún un lóru lọ, kò sí àìsàn míì.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Tí lóòdù bá wà ní ìdá 75, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi lítà 17 sí 18 ní wákàtí kan fún kílówáàtì 60: bíi lítà 0.29 fún yúníìtì kan (kílówáàtì kan fún wákàtí kan). Lóru, lórí kílówáàtì 8, lítà 5 sí 6 ló lè jẹ, yúníìtì kan á wá gba bíi lítà 0.7. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA máa ṣe iṣẹ́ òru kan náà pẹ̀lú bíi lítà 3. Ínfátà náà lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oní-sólà kankan wọlé kẹ́ ẹ tó ka lóòdù yín tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló máa tà fún yín.

Ẹ ṣí ìwé kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ wákàtí tó wà lójú mítà jẹnẹrétọ̀ (kì í ṣe èyí tí gáádì rántí), lítà dísù tí ọ̀pá fi hàn, nítorí géèjì máa ń parọ́, àti yúníìtì NEPA. Oṣù mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀. Lítà dísù kan tó bá jó ń tú bíi kílò 2.7 káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì. Ẹ fi sọ lítà yín di púpọ̀, onílé á rí ohun tó lè fi sínú ìwé ẹ̀.

Màmá_Fàsílítì:

Ẹ̀rọ_Ò_Sùn ti sọ ìdajì. Ní ti ẹgbẹ́, IFMA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn alábòójútó ilé, ló wà fún iṣẹ́ yìí ní tààrà. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ó sì ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé Èkó ló pọ̀ sí. Àmọ́ n'Ìbàdàn, àwọn tẹ́ ẹ ń wá wà káàkiri láìpe ara wọn ní fàsílítì máníjà: wọ́n wà láàárín àwọn ẹnjiníà NSE ẹ̀ka Ìbàdàn, láàárín àwọn ẹsíteètì sáfẹ́yọ̀ NIESV, àti ní wọ́ọ̀kìsì (ẹ̀ka tó ń tún ilé àti ẹ̀rọ ṣe) yunifásítì UI àti ti ilé ìwòsàn UCH. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1957 mọ ohun tí páìpù àtijọ́ ń ṣe ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle lọ.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, FMP ti IFMA ní ẹ̀kọ́ mẹ́rin, SFP ló dá lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Dọ́là ni owó wọn, ẹ má fi ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. ISO 41001, ìlànà àgbáyé fún àbójútó ilé tó jáde ní 2018, ètò ilé iṣẹ́ ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe èèyàn. Tí onílé bá fẹ́ ohun tí báńkì mọ̀, EDGE, ìwé ẹ̀rí fún ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò, ni kẹ́ ẹ wò: ó fẹ́ kí ilé dín iná kù ní ìdá 20 nínú 100, kó dín omi kù bẹ́ẹ̀, kó sì ṣe bákan náà lórí ohun èlò ìkọ́lé.

Ẹ wá gbọ́, ẹ fi ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ná. Ẹ pe alábòójútó mẹ́rin tàbí márùn-ún wá sí yàrá jẹnẹrétọ̀ yín laago mẹ́wàá àárọ̀, ìgbà tí lóòdù ti wọlé. Wákàtí kan ààbọ̀ ti tó. Ẹ fún wọn ní ìwé ojú ewé kan: bí ilé ṣe tóbi ní mítà onígun mẹ́rin, iye èèyàn, wákàtí iṣẹ́, lítà, yúníìtì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ẹlòmíì. Nọ́ńbà lítà tàbí yúníìtì tẹ́ ẹ bá sì ṣèlérí fún ẹnì kan, kó dé ọwọ́ ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Òun ló ń mú kí wọ́n gbé fóònù yín.

Ọmọ_Bódìjà:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Màmá, àmọ́ ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń fi ilé wé ilé. NEPA pín àwọn àdúgbò sí Band: Band A ń retí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, Band B 16, Band C 12. Tẹ́ ẹ bá gbé lítà dísù ilé Band A sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Band C, ẹ kàn ń tan ara yín ni. Lítà fún wákàtí jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wéra, kì í ṣe lítà oṣù.

Ẹ gba àṣẹ onílé kẹ́ ẹ tó pín nọ́ńbà. Ẹ pe ilé ní A, B, C. Ibi tí kámẹ́rà wà àti àkókò tí gáádì ń pààrọ̀, ẹ má mẹ́nu bà á rárá.

Ohun tó ń ba irú ẹgbẹ́ báyìí jẹ́ jù ni àwọn kọngílá. Tí wọ́n bá ti wọ WhatsApp ẹgbẹ́ náà, ó di ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ oníṣẹ́ kan, kó sọ iṣẹ́ tó ṣe, oṣù tó ṣe é, owó páàtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó tún bàjẹ́. Kó sọ bó bá gba nǹkan kan lórí ẹ̀ pẹ̀lú.

Oní-ẹ́síì ló rọrùn jù láti dán wò. Ẹ bi í bóyá ó ní sílíńdà náítírójìnì, tí wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò, àti fákúùmù pọ́ǹpù, tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Ẹni tí kò ní méjèèjì, gáàsì ló fẹ́ máa fi kún un lọ́dọọdún. Gáàsì ẹ́síì kì í tán lásán, ó ń jò ni, R410A (irú gáàsì ẹ́síì kan) tó bá sì jò jáde ń mú ayé gbóná ju káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000.

Alábòójútó_RingRoad:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣeun, Mà. Mo máa bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lónìí. Ti omi ńkọ́? A ò ní mítà omi, bohóòlù la ń lò.

Màmá_Fàsílítì:

Ẹ ò nílò mítà láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn bí táńkì ṣe fẹ̀ láti etí dé etí. Tó bá jẹ́ táńkì róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 180, gíga omi sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ lítà 25 ó lé díẹ̀. Ẹ pa súmò laago mẹ́jọ alẹ́, ẹ ti ọ̀pá bọ inú táńkì, ẹ tún wọn ọ́n laago mẹ́fà àárọ̀. Tí táńkì méjèèjì bá so pọ̀, tí omi sì fi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ sílẹ̀, lítà 300 ti jò nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan ju gáádì lọ.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń fà á jù. Ẹ da zobo tó ki sínú ọpọ́n omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má flọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Tí pupa bá yọ nínú àwo, wáṣà ìdí ọpọ́n ló ti jẹ. Tí kò bá yọ, àmọ́ tẹ́ ẹ ṣì ń gbọ́ ìró omi, ẹ wo páìpù tó dúró láàárín ọpọ́n: omi gbọ́dọ̀ dúró ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ sísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Tó bá ń dà wọ inú ẹ̀, ẹ rẹ fíláòtì sílẹ̀. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí plọ́mbà má baà lọ tú èyí tó dáa.