Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí lẹ máa ń wò nínú ìwé ọmọdé kẹ́ ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́?

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa fẹ́ ṣí yàrá ìkàwé. Wọ́n ti kó páálí ìwé fún wa, àwọn kan láti òkè òkun, àwọn kan láti Ìbàdàn. Mo ṣí ọ̀kan báyìí, gbogbo ilé tó wà ní "Áfíríkà" inú rẹ̀, ahéré ni, kìnnìún sì ń rìn kiri lẹ́yìnkùlé. Mi ò fẹ́ kó ìwé tó ń fojú tín-ín-rín èèyàn fún àwọn ọmọ. Kí ni kí n máa wò? Ìwé wo lẹ sì lè júwe fún mi?

Tíṣà Àgbà
Ẹ má tíì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rárá. Àwòrán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ta ló ń ṣe nǹkan? Ta ló kàn jókòó tí wọ́n ń bá ṣe é? Bó bá jẹ́ pé òyìnbó ló ń yọ ọmọ dúdú nínú wàhálà ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kẹ́ ẹ sì wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ní 1965, Nancy Larrick, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ jáde lórí ìwé ọmọdé tó lé ní 5,000 tí wọ́n tẹ̀ l'Amẹ́ríkà láàárín 1962 sí 1964. Ìdá 6.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré lèèyàn dúdú wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì ti kà tì lọ́hùn-ún ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí wa.

Ọmọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Òótọ́ ni Tíṣà sọ, àmọ́ ẹ má dá páálí Ìbàdàn sí o. Èébú wà nínú ìwé tiwa náà, ó ti mọ́ wa lára ni. Ta ni wọ́n máa ń ya ilà sí lójú? Olè, àjẹ́, babaláwo burúkú, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Dókítà àti ìyá dáadáa kì í kọlà. Bẹ́ẹ̀, gọ̀mbọ́ àti àbàjà wà lójú bàbá àgbà àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nílé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀, n ò sì bá òfin jà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ò bá rí ilà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, inú ìwé ni yóò ti kọ́ irú èèyàn tó ń kọ ọ́.

Àwọn Hausa ńkọ́? Ẹ dé Sábó, ẹ ó rí oníṣòwò, ẹ ó rí akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìwé, màlúù ló ń dà tàbí géètì ló ń ṣọ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká wá kó gbogbo rẹ̀ dànù ni? Orogún burúkú pọ̀ nínú àlọ́ tí ìyá mi pa fún mi, mi ò sì kórìíra ìyàwó bàbá mi.

Ọmọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Torí pé ẹ̀ ń rí ìyàwó bàbá yín lójoojúmọ́ ni! Ẹni tí ọmọ ò rí rí ni mò ń sọ. Chimamanda Adichie, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, sọ ọ́ ní 2009 pé ìwé òyìnbó tóun kà ní kékeré ló jẹ́ kí àwọn èèyàn inú ìtàn tóun ń kọ di olójú búlúù tó ń jẹ ápù. Kò sẹ́ni tó bú u nínú ìwé wọ̀nyẹn o. Òun ni kò sí níbẹ̀.

Àbúrò Láíbìrì
Lórí ìwé tí ẹ ní ká júwe, Àǹtí: ẹ wá Anna Hibiscus, ti Atinuke, ọmọ Nàìjíríà. 2007 ló kọ́kọ́ jáde. Ìyá àgbà, bàbá àgbà, àwọn ìbátan, gbogbo wọn ń gbé inú ilé ńlá kan. Ohun kan ló ń dùn mí níbẹ̀: "Áfíríkà" ló ń pe ibẹ̀ ṣáá, kò dárúkọ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Tíṣà Àgbà
Ẹ má sì sun ìwé ahéré yẹn. Ẹ fún àwọn ọmọ pírámárì karùn-ún, kí wọ́n fúnra wọn wá ibi tí ayàwòrán ti parọ́. Pírámárì kìíní ni kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ilà yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ta ló mọ ìwé Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ìyá ń wa mọ́tò tàbí tí bàbá ń dáná?

Ìyá Ìbejì
Bàbá tó ń dáná kẹ̀? Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi ra méjì, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún bàbá wọn.