Omi ìsun ẹ̀bá títì: ṣé kí n máa mu ún lọ ni?

Awakọ̀-Àfẹ̀mọ́jú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ bá wa parí ìjà kan nílé wa.

Ìsun omi kan wà lẹ́bàá títì tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ara àpáta ló ti ń jáde. Ẹnì kan ti ki páìpù irin bọ ẹnu rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ sì ti bo ìdí páìpù náà. Kò sí ìgbà tí ẹ máa débẹ̀ tí ẹ ò ní bá mọ́tò méjì mẹ́ta tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń pọn níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 mẹ́fà lọ́sẹ̀. Mo máa ń kà á lẹ́nu: kẹ́ẹ̀gì kan á kún bí mo bá ti ka ọgọ́ta. Omi náà mọ́ gaara, kò ní òórùn, ó tutù débi pé eyín á máa kan èèyàn. Omi ẹ̀rọ ilé wa ń rùn bí oògùn, n ò lè gbé e mì mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀, omi ń ya ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò tíì ka ogójì tán tí kẹ́ẹ̀gì fi kún. Mo bù ú mu, ó ń rùn díẹ̀ bí erùpẹ̀ tútù. Lọ́jọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Èmi àti ìyá rẹ̀, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ní omi ni. Mo ní kì í ṣe omi, ṣebí láti ọdún mẹ́ta la ti ń mu ún? Bàbá kan tí mo máa ń bá níbẹ̀ ní òun ti ń mu ún kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì yẹn. Ta ló jàre?

Agbẹ́kànga
Ìyàwó yín ló súnmọ́ òtítọ́ jù, ẹ̀gbọ́n. N ò lè búra pé omi ló ṣe ọmọ, àmọ́ ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù: ọgọ́ta di ogójì.

Omi tó wá láti ìsàlẹ̀ jíjìn kì í tètè mọ̀ pé òjò rọ̀. Ilẹ̀ àti iyanrìn á rọra máa sẹ́ ẹ, ó lè lo oṣù tàbí ọdún pàápàá kó tó yọjú. Tiyín gbọ́ ìròyìn òjò láàárín òru kan ṣoṣo. Omi orí ilẹ̀ ti rí ibi tó ń gbà wọlé nìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ òkúta ẹfun, èyí tí omi máa ń jẹ ihò sí nínú. Ohun yòówù tó bá wà lókè, ìgbẹ́ ẹran, ṣáláńgá, ajílẹ̀ oko, ẹ ó mu níbẹ̀.

Ẹ má wo ẹnu páìpù. Ẹ gun orí òkè yẹn lọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara ọmọ ńkọ́? Ẹ máa fún un lómi tí ẹ ti sè, bó bá sì rẹ̀ ẹ́ jù, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró de ìdájọ́ wa.

Kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibi tí ẹ ń gbé bá ga ju 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kòkòrò nìyẹn ń pa o. Náítíréètì inú ajílẹ̀ kì í bá a lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ló ṣe ń ki sí i. Ọmọ ọwọ́ tó ń fi ike mu mílíìkì ló máa ń ṣe léṣe jù.

Kẹ́ẹ̀gì yẹn náà ńkọ́? Èmi pẹ̀lú máa ń fọ́nnu pé omi ìsun mi mọ́, títí dọjọ́ tí mo ti ìka bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, tí mo fi ra ara rẹ̀ nínú. Ó ń yọ̀ bí ara ẹja. Omi tó mọ́ gaara ni mo ń bù jáde níbẹ̀ látọjọ́ yìí!

Àgbà-Òpópónà
Ẹ̀yin ọmọ yìí ń dẹ́rù ba èèyàn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń mu omi ìsun, inú kò run mí rí. Ilẹ̀ ló ń sẹ́ omi. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Agbẹ́kànga
Bàbá, ẹ ò parọ́, ilẹ̀ ń sẹ́ omi, níbi tó bá ti nípọn ni. Ara tiyín sì lè ti mọ àwọn kòkòrò ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò tíì mọ̀ wọ́n.

Ní ti adùn, ní London lọ́dún 1854, omi kànga Broad Street dùn lẹ́nu opó kan débi pé nígbà tó kó lọ sí Hampstead, ó ṣì ń ní kí wọ́n máa gbé e wá fóun. Àdúgbò kànga náà ni kọ́lẹ́rà ti ń jà nígbà yẹn, kò sí ní Hampstead. Kọ́lẹ́rà ló pa á. Ibi tí dókítà John Snow ti rí ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn pé inú omi ni àrùn náà wà.

Awakọ̀-Àfẹ̀mọ́jú
Ẹ ṣeun. Ara ọmọ ti yá, ó ti ń sáré kiri.

Mo gun òkè náà lánàá. Mi ò tíì rìn ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ tí mo fi bọ́ sí ibi tí màlúù ti ń mumi. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, omi dúró sínú ojú pátákò wọn, ìgbẹ́ wà káàkiri. Ọ̀gbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣàn kúrò níbẹ̀ wá sísàlẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó dé ẹ̀bá àpáta kan, ó wọnú ẹ̀là rẹ̀, kò jáde mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wá ibi tó gbà jáde. Mo sì mọ ibi tó gbà jáde.

Mo ti gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn ló fún mi ní ìgò, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, kí n gbé e sínú yìnyín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Bí E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kan ṣoṣo bá wà nínú mílílítà 100, kò ṣeé mu. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí n padà wá.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tó wà nílẹ̀, mo ti fi fọ mọ́tò. Ìyá rẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí.