Oven mi ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Alákéèkì Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oven oníná ni, lítà 60, 2000W. Bí mo bá yí i sí 180, orí kéèkì á ti dúdú láàárín ìṣẹ́jú 20, inú rẹ̀ á sì ṣì tutù. Bí mo bá yí i sí 120, bákan náà ni. Iná pupa kékeré tó wà níwájú rẹ̀ kì í kú mọ́. Ẹnì kan ní kí n ra òmíràn, ẹlòmíràn ní kí n pààrọ̀ thermostat, ìyẹn ohun tó ń já iná bí oven bá ti gbóná tó. Kí lẹ gbà mí nímọ̀ràn? Tẹmómítà wo ló dáa?

Oníná Adó
Ẹ má tíì náwó. Iná pupa yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ó máa ń tàn nígbà tí ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń mú oven gbóná, bá ń gbóná, á sì kú bí thermostat bá já iná. Bí kò bá ń kú rárá, thermostat kò já iná mọ́ nìyẹn.

Ẹ yọ oven kúrò ní sókẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Lókè, níhà ẹ̀yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí irin róbótó kan tó gùn tó ìka ọwọ́, tó sì tín-ín-rín ju bírò lọ. Ìdè kékeré méjì ló máa ń gbé e ró kó má kan ògiri oven. Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀, ó gba ihò ẹ̀yìn lọ bá thermostat lẹ́yìn bọ́tìnì. Epo ló wà nínú irin àti okùn yẹn. Bí epo náà bá gbóná, á wú, á ti ẹnu thermostat, ibi tí iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀, ṣí, iná á sì já.

Ibẹ̀ ni ohun tó ń bàjẹ́ ti pọ̀ jù. Irin náà lè bọ́ nínú ìdè rẹ̀, kó sún wọ ihò ẹ̀yìn níbi tí kò gbóná tó inú oven. Thermostat á rò pé oven ò tíì gbóná, á sì máa fún un níná lọ. Okùn náà lè ti ṣẹ́ tàbí kó là, kí epo ti jò tán. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, bí epo bá ti tán, iná kò ní já láéláé. Tàbí kí ẹnu thermostat fúnra rẹ̀ ti jó lẹ̀ mọ́ra.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́: nígbà tí oven bá gbóná, ẹ fa etí yín sún mọ́ bọ́tìnì, kí ẹ máa yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ «kọ́», kí iná pupa sì kú kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní òdo nìkan, ẹnu rẹ̀ dáa. Irin tàbí okùn ni kí ẹ fura sí. Bí iná bá ṣì ń tàn ní òdo, ẹnu ti lẹ̀.

Ìyá Búrẹ́dì Ìjerò
Ní ti tẹmómítà, èyí tí wọ́n ṣe fún inú oven ni kí ẹ rà, onírin, olójú róbótó, tó ń ka 50 dé 300°C, tó ṣeé gbé kọ́ tàbí kó dá dúró. Àárín irin tí ẹ ń gbé páànù kéèkì lé ni kó wà, kó má kan ara ògiri. Ẹ jẹ́ kí oven ti wà lórí iná fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa ka á láti ojú gíláàsì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ti kà á lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́fà.

Ẹni tí kò rí tẹmómítà rà lè lo ṣúgà funfun. Ní nǹkan bí 186°C ló ń yọ́. Ẹ da ṣíbí kékeré kan sórí fóìlì, ẹ yí oven sí 175, kí ẹ fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá yọ́, oven yín ń parọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wo ìwé tí ẹ fi ń po kéèkì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ 350, Fahrenheit ni wọ́n ń sọ, ìyẹn nǹkan bí 177°C. Bí oven bá sì ní fánù, ẹ yọ 20°C kúrò nínú ohun tí ìwé bá kọ.

Bàbá Suwíìshì
Èyí kò le. Ẹ so wáyà méjèèjì tó wọ thermostat papọ̀, kí ẹ máa fi suwíìshì ògiri tàn án, kí ẹ máa pa á. Owó tí ẹ ó fi ra thermostat á kù sápò.

Oníná Adó
Ẹ jọ̀wọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Oven tí kò ní ohun tó ń já iná yóò máa gbóná lọ ni, títí rọ́bà ilẹ̀kùn á fi yọ́, tí ara wáyà lẹ́yìn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó bá sùn lọ nílé ìdáná ń fi ilé ṣeré. Bákan náà ni ohun kékeré tó ń já iná nígbà tí oven bá gbóná ju: ẹ má so ó papọ̀. Bí ó bá ń já lemọ́lemọ́, ohun tó ń mú un já ni kí ẹ wá.

Gáàsì Ìkòlé
Fún àwọn tó jẹ́ pé gáàsì ni tiwọn: ọ̀pọ̀ kúkà gáàsì ni oven rẹ̀ kò ní thermostat rárá, bí iná ṣe tóbi tó ni bọ́tìnì ń yí. Nítorí náà, rẹ́gúlétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Oníwọ̀n kékeré, nǹkan bí 30 mbar, ni ti ilé. Èyí tí àwọn tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ń lo, tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí, lágbára ju ti ilé lọ. Iná gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Bí ó bá gùn, tó pupa lórí, tó ń mú kí ìkòkò dúdú, ihò ibi tí gáàsì ń gbà jáde tóbi jù, ó lè jẹ́ ti gáàsì inú páìpù. Èyí tó ní thermostat ní síkùrù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá bọ́tìnì, tó ń pinnu iná tó kéré jù. Bí ó bá jẹ́ gáàsì inú sílíńdà ni ẹ ń lò, ó yẹ kí síkùrù náà dè pátápátá. Ẹ fi ọṣẹ híhó wo gbogbo oríkèé lẹ́yìn iṣẹ́.

Alákéèkì Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Irin náà kò sí nínú ìdè rẹ̀, ó ti sún wọ ihò ẹ̀yìn. Ní 180, tẹmómítà ka 255, ó ṣì ń gòkè. Mo dá irin náà padà, síbẹ̀ kò yí padà. Ní òdo nìkan ni mo ti gbọ́ «kọ́».

Oníná Adó
Epo rẹ̀ ti jò nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú. Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, kí oníṣẹ́ yọ thermostat jáde pẹ̀lú okùn rẹ̀, kó yí i sí 60, kó fi mítà di ẹnu rẹ̀ mú, kó wá ti irin náà bọ omi tó ń hó. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó yẹ kí ẹnu ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ìsọ̀. Ẹ fi wé: 50 dé 250 tàbí 50 dé 300, kó bá nọ́ńbà ara bọ́tìnì yín mu, 16A, 250V, iye ẹnu wáyà, bí irin náà ṣe gùn àti bó ṣe nípọn tó, kó bá ìdè mu, gígùn okùn, ọ̀pá bọ́tìnì. Ẹ má gba 10A nítorí pé ó dínwó. Bí ẹ bá ń tẹ okùn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀rùn, kó má ṣẹ́, ẹ má sì gé e kúrú láéláé. Ẹ ká èyí tó bá ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Sitabiláísà Ifàkì
Kí ẹ tó tan tuntun, ẹ fi mítà wọn iná ilé. Ẹ́límẹ́ǹtì 2000W tí wọ́n ṣe fún 230V, bí iná bá gun 260V, nǹkan bí 2550W ló ń fà, á sì gbóná kọjá kí thermostat tó já a. Bí iná yín bá ń gòkè bẹ́ẹ̀, sitabiláísà 5kVA ni kí ẹ lò.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wo sókẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà tó gbé iná àti èyí tí iná ń gbà padà bá yí ipò, thermostat á máa já apá kejì, iná á ṣì wà lára ẹ́límẹ́ǹtì nígbà tí ẹ rò pé ó ti kú. Bí ẹ́límẹ́ǹtì bá wá là, ó lè máa gbóná lọ.

Ìyá Búrẹ́dì Ìjerò
Bí ẹ bá ti fi tuntun sí i, ẹ tàn án lófìfo ní 180 fún wákàtí kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Kó máa lọ sókè sódò ní 10 sí 15 kò burú. Bí iye tí ẹ rí lẹ́yìn tí ẹ pín in sí mẹ́fà bá fi 10 ju 180 lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ fi máákà sàmì síbi tí 180 tòótọ́ wà lójú oven. Kí ẹ sì kó fóìlì kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ń dá ooru padà sókè, ìdí kéèkì ni yóò sì jó.