Ìfẹ́ ní ìlú orí òkè: ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣojú wa

Ọmọ Ìgbẹ́tì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi ló bi mí léèrè pé báwo ni bàbá òun ṣe dẹnu kọ mí. Mo ní bàbá rẹ̀ kò dẹnu kọ mí rárá kí wọ́n tó wá tọrọ mi. Ó rò pé mò ń tan òun ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ìfẹ́ wà nígbà náà, ẹnu ẹlòmíràn ló máa ń gbà jáde.

Abẹ́ Òkè Ìyámọ̀pọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá mọ Ìgbẹ́tì mọ̀ pé àpáta yí wa ká, àti pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tiwọn, ọ̀nà odò ni ojú ti ń pàdé ojú, torí kò sẹ́ni tó ń bi ọmọge tó ru ìkòkò pé níbo lò ń lọ. Ọmọkùnrin kò ní dúró bá a sọ̀rọ̀. Á kàn bá a gbé ìkòkò rù, á yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Tó bá tún ṣe é lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọge náà ti mọ ohun tó ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀ ni ọmọkùnrin ń fi ránṣẹ́: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọge bá gbà, mẹ́jọ ni yóò fi fèsì: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òòyà ló ń lọ, ìyẹn ni pé kí oníkálukú yà sọ́tọ̀. Bàbá àgbà fi mẹ́fà tirẹ̀ ránṣẹ́, ìyá àgbà sì pẹ́ gan-an kí ó tó fèsì. Ó ní ọmọge tó bá yára dáhùn, wọ́n á ní ojú ń kán an.

Owó ẹyọ kọ́ ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló máa ń wá ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi lọ́jà. Ó ń rà ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ó ń wo bí mo ṣe ń wọn ọjà, bí mo ṣe ń dá àgbà lóhùn, bóyá mo máa ń kúnlẹ̀ àbí mo kàn ń tẹ eékún díẹ̀. Ìfojúsóde nìyẹn, èmi kò sì mọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá sílé lálẹ́ ni mo tó rí ojú obìnrin náà láàárín wọn, ara mi tutù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní wọn kì í bi ọmọbìnrin nígbà náà. Àwọn ilé kan wà tí wọn kì í bi í, mi ò jiyàn. Nílé tiwa, bàbá mi gbé obì náà sókè, ó bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá kí àwọn gbà á, ó sì tún bi mí. Láti alẹ́ ìjóhẹn yẹn, alẹ́ tí mo sọ pé hẹn, ni mo ti ń sá fún ọkọ mi. Tí mo bá rí i lókèèrè, agboolé tó bá súnmọ́ mi ni mò ń yà sí, gèlè ni mo fi ń bojú. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ìyà ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Kò sígbà tí mo ronú rẹ̀ tó ìgbà tí n kò gbọdọ̀ rí i.

Ará Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ọ̀wẹ̀ àna, ìyẹn iṣẹ́ tí ọkùnrin ń kó ọ̀rẹ́ lọ ṣe fún bàbá ìyàwó, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ jù.

Orí òkè ni Ìdànrè àtijọ́ wà. Lẹ́yìn ọdún 1920 ni àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí a wà báyìí. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni àlejò ń gùn kí ó tó dé ibẹ̀ lónìí. Nígbà tí bàbá àgbà mi ń fẹ́ ìyá àgbà mi, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń ru iṣu ana gba ojú àpáta gòkè. Ó ní kì í ṣe agbára òun nìkan ni bàbá ìyàwó ń wò. Àwọn ọ̀rẹ́ tí òun kó lọ ló ń wò: ta ló ń ráhùn, ta ló ń mu ẹmu kí iṣẹ́ tó parí, ta ló ń wo ìyàwó onílé. Ọ̀rẹ́ burúkú kan ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fọ́ kòkó ni èmi lọ sóko ana mi. Ọmọbìnrin náà gbé omi wá fún gbogbo wa, kò kí mi lọ́tọ̀, kò wo ojú mi. Ṣùgbọ́n ife tèmi nìkan ló ní ọmọrí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn títí a fi dé ẹ̀yìn odi oko. Ọmọ mẹ́rin ni a bí.

Alárinà Ẹ̀fọ̀n

Mo kí gbogbo yín láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti ṣe alárinà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn kan nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ nípa iṣẹ́ wa ni pé a kì í gbé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fún wa. Ọmọkùnrin kan wá bá mi pé kí n sọ fún ọmọbìnrin kan pé ìfẹ́ rẹ̀ ń pa òun. Mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, mo ní, “Lágbájá ní kí n kí ọ. Ó ní òjò àná kò jẹ́ kí òun sùn, òun ń rò ó bóyá òrùlé yín ń jò.” Ọmọbìnrin náà dákẹ́, ó ní, “Ẹ bá mi dá a lóhùn pé òrùlé wa kò jò. Igi ìdáná ìyá mi ló kù díẹ̀.” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìdì igi fi dé ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ? Tí ìyá rẹ̀ bá sì kọ igi náà, kò sẹ́ni tí ojú tì: wọ́n kàn kọ igi ni.

Èyí tó le jù ni ìwádìí. Ìdílé ọmọbìnrin á ránṣẹ́ sí mi: ǹjẹ́ wárápá wà nílé yẹn? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọkùnrin wọn máa ń na aya? Ṣé wọ́n máa ń jẹ gbèsè tí wọn kì í san? Ẹnì kan kì í béèrè irú èyí ní gbangba. Màá lọ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ aládùúgbò wọn, màá sì jókòó pẹ́.

Lónìí, mo ń béèrè jẹ́nótáìpù pẹ̀lú, mi ò sì fi bò. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí aya náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ti rí ilé tí wọ́n pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú, tí wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́ fún un. Ọkàn mi kò gbà á kí n so irú yẹn pọ̀ láìsọ òtítọ́.

Ìyá Àdùkẹ́, Ṣakí

Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹkún ìyàwó, nítorí èmi sun ún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò mi kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Lẹ́yìn ìkórè ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ níbi tiwa. Ìyàwó púpọ̀ lè jáde lọ́jọ́ kan náà. A ti lo osùn, a ti lé tìróò, irun ti di dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ti wà lọ́rùn àti ní ìdí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ láti agboolé dé agboolé. Níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń sunkún tirẹ̀: oríkì ìdílé fún bàbá, ọpẹ́ fún ìyá, ìbéèrè àdúrà lọ́dọ̀ gbogbo àgbà. Wọ́n ń fún mi lówó, wọ́n ń súre, àwọn kan ń sunkún gidi.

Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà tí gbogbo ìyàwó ń sọ, ṣùgbọ́n kí n hun díẹ̀ fúnra mi, kí ìyá mi lè mọ̀ pé èmi ni. Èyí ni mo hun:

Yèyé mi, mò ń relé ọkọ,
Ẹ má jẹ́ n lọ láìsúre.
Ilé tí mò ń rè, n ò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lóru,
Àdúrà yín ni n ó fi ṣe fìtílà.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti wọlé, kò jáde mọ́ títí a fi kọjá. Nínú ẹkún yẹn, ìyàwó lè sọ ohun tí kò ní lè sọ lọ́jọ́ mìíràn. Mo sọ pé ẹ̀rù orogún ń bà mí. Mo sọ fún bàbá mi pé n kò tíì pẹ́ tó lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́, torí ọjọ́ tèmi ni. Àwọn alfáà àti pásítọ̀ kan kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ìṣe àtijọ́ ni. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú kí ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ń dùn mí pé orí pèpéle ilé-ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbọ́ ọ báyìí.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Màmá Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí níyànjú. Èkó ni mo ń gbé, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ràn wà nílé ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ Òkè Olósùnta, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn òbí rẹ̀ kò tíì mọ̀ mí. Ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀?

Alárinà Ẹ̀fọ̀n

Ọmọ mi, kọ́kọ́ bi ọmọbìnrin náà bóyá ó fẹ́ kí o wá. Tó bá gbà, má ṣe lọ fúnra rẹ. Àbúrò ìyá rẹ obìnrin, tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ni kí o rán lọ sọ́dọ̀ ìyá ọmọ náà, kì í ṣe sọ́dọ̀ bàbá. Kí ó dárúkọ agboolé yín kí ó tó dárúkọ rẹ. Kí ó má ṣe sọ iye owó tí o ń gbà, àfi tí wọ́n bá bi í. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí àbúrò ìyá rẹ tó gbéra. Tí wọ́n bá ní kí ó padà wá nígbà mìíràn, kí ó dúpẹ́, kí ó padà sílé, kí ó sì tún lọ. Wọn kì í fèsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́.